Òǹkọ̀wé Nínú Agbo Orin Rọ́ọ̀kì

Bí a bá dárúkọ òǹkọ̀wé fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí wọn lọ́kàn ni ẹni tí ó jókòó ní kọ̀rọ̀ yàrá, tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, tí ó mú gègé lọ́wọ́, tí kò sì fẹ́ kí ọmọdé sunkún tàbí kí ajá gbó nítòsí òun. Àwòrán yìí kì í ṣe irọ́. Iṣẹ́ ìwé kíkọ ń fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ gẹ́gẹ́ bí àgbàdo ti ń fẹ́ òjò. Ṣùgbọ́n àwòrán náà kò pé, nítorí kò sọ ohun tí òǹkọ̀wé ń ṣe fún wa nígbà tí ìwé kan bá ti parí, tí òmíràn kò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Òǹkọ̀wé ọmọ Yorùbá ni èmi, ìlú London ni mo sì ń gbé. Bí mo bá ti fi ìwé kan lé òǹtẹ̀wé lọ́wọ́, kì í ṣe ibi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni mo máa ń sá lọ. Agbo orin rọ́ọ̀kì ni mo máa ń lọ, níbi tí gìtá ti ń sán bí ààrá, tí ìlù ń lu àyà ènìyàn láti inú, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì ń fi ohùn kan ṣoṣo kọrin. Inú mi a máa dùn sí i bí inú ọmọdé ti í dùn sí ọjọ́ ọdún. Èrò mi ni pé àlọ yìí kì í ṣe ìfàkókò-ṣòfò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìgbádùn lásán. Apá kan nínú iṣẹ́ ìwé kíkọ ni.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ irú orin tí à ń sọ. Orin rọ́ọ̀kì ni orin tí a fi gìtá oníná mànàmáná àti ìlù kíkankíkan gbé ró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn lérò pé orin òyìnbó ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ-ọmọ ẹni tí a kó lẹ́rú kúrò ní ilẹ̀ wa àti ní àwọn ilẹ̀ mìíràn ní Áfíríkà, ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, nínú orin arò wọn tí a ń pè ní búlúùsì àti nínú orin ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Sister Rosetta Tharpe, obìnrin tí a bí ní ọdún 1915, ti ń fi gìtá oníná kọrin ìyìn kí púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin tí a ń yìn lónìí tó mọ bí a ti ń di gìtá mú. Chuck Berry, tí a bí ní ọdún 1926, ni ó fi han ayé bí a ti í fi gìtá sọ ìtàn àwọn ọ̀dọ́. Muddy Waters gbé gìtá oníná tirẹ̀ wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1958, àkọlé ọ̀kan nínú àwọn orin rẹ̀ sì ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní London mú ṣe orúkọ ẹgbẹ́ wọn, Rolling Stones, ẹgbẹ́ tí ó kọ́kọ́ fi orúkọ náà ṣeré ní gbangba ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1962. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ Yorùbá bá dúró nínú agbo orin yìí, kì í ṣe ilé onílé ni ó wọ̀. Ọmọ ìyá rẹ̀ tí ó ti rìn jìnnà ni ó lọ kí.

Ọmọ ìyá náà sì ti padà wá sílé rí. Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá sí ìlú Èkó, ó bá Fẹlá ṣeré, àwọn méjèèjì sì jùmọ̀ ṣe àwo orin kan ní ọdún 1971. Onílù òyìnbó yìí mọ̀ pé bí odò bá ń gbẹ lọ́wọ́ òun, orísun ni ó yẹ kí òun wá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti ń rí fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé. Fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ohùn kan ṣoṣo ni ó ti ń gbọ́, ohùn ara rẹ̀ sì ni. Bí baba inú ìtàn bá sọ̀rọ̀, òun ni. Bí ọmọ bá dá baba lóhùn, òun náà ni. Òun ni ó ń dá ìjà sílẹ̀, òun náà ni ó sì ń parí rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bá tán, ohùn yìí kì í dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí òǹkọ̀wé bá tún jókòó lójú ẹsẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ ìwé mìíràn, ìwé àná ni yóò tún kọ. Orúkọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ yóò yí padà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín àti bí wọ́n ti ń bínú kò ní yí padà. Ewu tí ó wà nínú iṣẹ́ wa nìyí, kì í sì í ṣe ewu kékeré, nítorí òǹkàwé a máa mọ̀ ọ́n kí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ tó mọ̀.

Àwọn kan yóò wí pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí òǹkọ̀wé lọ sinmi ní ibi tí ó dákẹ́, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ti í fi ilẹ̀ tí ó ti ṣá sílẹ̀ kí ó lè sinmi. Òwe àgbẹ̀ yìí dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ tí ń sinmi náà dáadáa. Kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo. Igbó a máa hù lórí rẹ̀, ẹyẹ a máa gbé kóró èso láti oko olóko wá sọ síbẹ̀, ewé a máa já bọ́, a máa jẹrà, ekòló a sì máa tú erùpẹ̀ rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Iṣẹ́ ńlá ni ó ń lọ lórí ilẹ̀ tí a ní kí ó sinmi. Ohun tí a kò gbìn síbẹ̀ ni ó ń sọ ọ́ di ọ̀tun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkàn òǹkọ̀wé. Bí a bá ti í mọ́ inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, a gba igbó kúrò lórí rẹ̀ nìyẹn, a sì fi í sílẹ̀ fún oòrùn. Ohùn àwọn ẹlòmíràn ni kóró èso tí ó yẹ kí ẹyẹ gbé wá fún un.

Ní London, ilé orin kò wọ́n. Ọ̀kan wà ní Camden tí à ń pè ní Roundhouse. Ọdún 1847 ni wọ́n kọ́ ọ, kì í sì í ṣe nítorí orin; ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yí orí ọkọ̀ ojú irin padà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1966, ẹgbẹ́ Pink Floyd ṣeré níbẹ̀ ní alẹ́ tí a fi ṣe ìkójáde ìwé ìròyìn tuntun kan, orúkọ ilé náà sì ti so mọ́ orin rọ́ọ̀kì láti ìgbà náà. Ẹ kíyè sí i pé ìwé ni wọ́n ń ṣe ìkójáde rẹ̀, orin sì ni wọ́n fi ṣe é. Òmíràn wà ní Brixton. Ilé sinimá ni nígbà tí wọ́n ṣí i ní ọdún 1929, ó sì ń gba ènìyàn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,000.

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àwọn ènìyàn a máa tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní ẹnu ọ̀nà: òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, akẹ́kọ̀ọ́, àti ìyá àgbà tí ó wọ ẹ̀wù dúdú tí a kọ orúkọ ẹgbẹ́ olórin sí láyà. Wọn a wọlé, wọn a dúró, wọn a máa wo orí ìtàgé tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Lójijì iná gbọ̀ngàn a kú. Ariwo tí ó ń jáde lẹ́nu ogunlọ́gọ̀ náà a dà bí ìgbà tí ìjì kọlu igbó. Kí etí tó mọ orin tí wọ́n fẹ́ kọ, àyà ti mọ̀ ọ́n, nítorí ohùn gìtá tí ń dún nísàlẹ̀ a máa gba ilẹ̀ wọ ẹsẹ̀, a sì máa gba ẹsẹ̀ wọ egungun. Ẹni tí ó ti fi ọdún mẹ́ta gbé inú orí ara rẹ̀ a tún rántí pé òun ní ara.

Ohun mẹ́ta ni mo máa ń rí gbà níbẹ̀ tí tábìlì mi kò lè fún mi. Èkíní ni ìgboyà. Ìwé jẹ́ ohun tí a lè pa rẹ́. Bí gbólóhùn kan kò bá dára ní òwúrọ̀, mo lè fa igi lé e lórí ní alẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ láéláé. Olórin tí ó dúró níwájú ènìyàn kò ní àǹfààní yìí. Ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Mo ti rí i tí okùn gìtá já ní àárín orin, tí onígìtá sì fi ìyókù okùn náà bá orin lọ bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti fẹ́ kí ó rí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Paul McCartney ní Èkó fi ara jọ èyí. Ní ọdún 1973 ó wá síbẹ̀ láti ṣe àwo orin Band on the Run, àwọn ọlọ́ṣà kan sì yọ ọ̀bẹ sí i, wọ́n gba tákàdá tí ó kọ ọ̀rọ̀ orin sí àti téèpù tí ó fi gba ohùn orin sílẹ̀. Ó wá di dandan pé kí ó fi iyè nù ún jáde. Ohun tí ó wà lórí tákàdá lọ, ohun tí ó wà nínú ara rẹ̀ kò lọ, àwo náà sì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Bí mo bá rántí èyí, n kì í bẹ̀rù tákàdá òfìfo mọ́.

Èkejì ni pé mo máa ń rí bí ènìyàn ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Òǹkọ̀wé kì í rí ojú òǹkàwé rẹ̀. Kò mọ ibi tí ó ti rẹ́rìn-ín, kò mọ ibi tí oorun ti gbé e lọ. Ṣùgbọ́n olórin ń rí ojú àwọn tí ń gbọ́ ọ, wọ́n sì ń dá a lóhùn bí elégbè ti ń gba orin lẹ́nu olórin ìjálá. Mo ti ṣàkíyèsí pé ẹgbẹ́ olórin tí ó bá gbọ́n kì í pariwo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn orin mẹ́ta tí ó gbóná, wọn a mú ọ̀kan tí ó rọ̀ wá, olórin nìkan a sì dúró pẹ̀lú gìtá kan. Nígbà náà ni ẹgbẹ̀rún márùn-ún ènìyàn yóò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ inú yàrá mi kò wúwo tó bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó fi í sílẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún márùn-ún ènìyàn ni wọ́n di èyí mú lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ pé gbólóhùn kúkúrú kan, tí a gbé sí ẹ̀yìn àwọn tí ó gùn, lè ṣe ohun tí ojú ìwé mẹ́wàá kò lè ṣe.

Ẹ̀kẹta ni pé mo máa ń di ẹni tí a kò mọ̀. Nínú agbo yìí, kò sí ẹni tí ó bìkítà pé mo kọ ìwé. Ẹni tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń fẹ́ kí n sún díẹ̀ kí ó lè ríran, ó tán. Ó dára kí ẹni tí ó ti pẹ́ tí ó ń pàṣẹ fún àwọn ènìyàn inú ìwé rẹ̀ dúró ní ibi tí kò ti ní àṣẹ kankan. Ìrẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣí etí.

Kì í ṣe èmi nìkan ni mo rí èyí. Ní ọdún 1992 ni àwọn òǹkọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, tí Stephen King àti Amy Tan wà lára wọn, kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tí wọ́n pè ní Rock Bottom Remainders. Wọn kò fi ara wọn ṣe ọ̀gá nínú orin. Ayọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Salman Rushdie, tí a ti dájọ́ ikú fún nítorí ìwé rẹ̀ ní ọdún 1989, tí ó sì ń gbé lábẹ́ ìṣọ́ àwọn ọlọ́pàá, jáde sórí ìtàgé ẹgbẹ́ U2 ní pápá Wembley ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 1993, lójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó kọ ìwé ìtàn kan lórí àwọn olórin rọ́ọ̀kì, The Ground Beneath Her Feet. Ẹ wò ó bí agbo orin ti gba ẹni tí a lé wọ inú òkùnkùn.

Èyí tí ó jinlẹ̀ jù lọ ni ti Václav Havel, òǹkọ̀wé eré oníṣe ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Czechoslovakia nígbà náà. Ní ọdún 1976, ìjọba ilẹ̀ náà mú àwọn kan tí wọ́n wà nídìí orin rọ́ọ̀kì tí kò bá ìfẹ́ ìjọba mu, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Plastic People of the Universe sì wà lára wọn. Havel lọ jókòó ní ilé ẹjọ́ láti gbọ́ ẹjọ́ wọn. Ó yé e pé bí a bá gba ẹ̀tọ́ orin kíkọ lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹ̀tọ́ ìwé kíkọ kò ní pẹ́ tẹ̀ lé e. Nínú oṣù Kìíní ọdún 1977, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé ẹ̀hónú tí à ń pè ní Charter 77 jáde, ó sì ṣẹ̀wọ̀n lẹ́yìn náà nítorí ohun tí ó gbà gbọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1989 ó di ààrẹ orílẹ̀-èdè rẹ̀. Nígbà tí ó sì di oṣù Kẹjọ ọdún 1990, Rolling Stones wá ṣeré ní olú-ìlú rẹ̀, Prague. Ta ni yóò sọ fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ pé orin jẹ́ ohun tí òǹkọ̀wé fi ń fi àkókò ṣòfò?

Síbẹ̀, àwọn tí ń ta kò wá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, ó sì tọ́ kí a dá wọn lóhùn. Àwọn kan ń béèrè pé kí ni ó dé tí a kò fi jókòó sílé kí a sì máa gbọ́ orin náà lórí fóònù, nígbà tí owó tíkẹ́ẹ̀tì ti gbówó lórí. Ìdáhùn mi ni pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Orin inú fóònù ti parí kí n tó gbọ́ ọ. Kò sí ohun tí mo lè ṣe tí yóò fi yàtọ̀. Orin inú agbo kò tíì parí, èmi tí mo dúró níbẹ̀ sì wà lára àwọn tí yóò parí rẹ̀. Bí owó bá ṣe ìṣòro, àwọn ilé ọtí kéékèèké wà tí àwọn ẹgbẹ́ tí a kò tíì mọ̀ ti ń ṣeré, nígbà mìíràn a sì lè rí orin tí ó dára jù níbẹ̀.

Àwọn mìíràn sọ pé ariwo náà ń ba etí jẹ́. Òtítọ́ ni. Ìlànà àwọn onímọ̀ ìlera ibi iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ni pé etí lè fara da ariwo tí ó tó dẹ́síbẹ̀lì 85 fún wákàtí 8, ṣùgbọ́n bí ó bá di 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Agbo orin rọ́ọ̀kì a sì máa dé 100, a máa kọjá rẹ̀. Pete Townshend, onígìtá ẹgbẹ́ The Who, ti sọ ní gbangba pé etí òun ti bàjẹ́. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde pé kí àwọn ilé orin má ṣe jẹ́ kí ìwọ̀n ariwo wọn kọjá 100. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ohun tí a fi ń dí etí kò wọ́n, kò sì tóbi ju èékánná lọ. N kì í lọ sí agbo orin kankan láìmú un dání.

Ẹ̀sùn kẹta ni ó wúwo jù. Èrò lè pa ènìyàn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, nígbà tí Asake, ọ̀dọ́mọkùnrin olórin ọmọ Yorùbá, ń ṣeré ní gbọ̀ngàn Brixton tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, ogunlọ́gọ̀ ya lu ẹnu ọ̀nà, ènìyàn méjì sì kú. Wọ́n ti ilé náà pa títí di oṣù Kẹrin ọdún 2024. Orin tiwa ni wọ́n ń lọ gbọ́, kì í ṣe rọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n ilé kan náà ni, èrò kan náà sì ni. N kò lè fi ọ̀rọ̀ dídùn bo irú ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé agbára tí ń gbé ọkàn sókè nínú èrò náà ni ó ń tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀ bí a kò bá bójú tó o. Nítorí náà, ẹni tí ó fẹ́ràn agbo gbọ́dọ̀ fẹ́ràn ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: kí ó má tì í, kí ó gbé e dìde bí ó bá ṣubú, kí ó sì padà sílé bí kò bá ní tíkẹ́ẹ̀tì. Lọ́pọ̀ ìgbà ni mo ti rí àjèjì mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ ba láàárín èrò láti gbé ẹnì kan tí ó subú sókè, kí orin tó dé ẹsẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Ẹ̀kọ́ yìí kò sí nínú ìwé kankan tí mo ti kọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka àròkọ yìí, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí orin rọ́ọ̀kì kò bá bá yín lára mu, ẹ wá agbo tiyín lọ, ìbáà ṣe ti bàtá, ti fújì, ti ìjálá, tàbí ti ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí mo ń sọ kò ju èyí lọ: ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ṣe iṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa padà lọ, láàárín iṣẹ́ kan àti èkejì, sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń jáde lẹ́nu alààyè tí ó sì ń bọ́ sí etí alààyè. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni a fi ń kọ ìwé, ṣùgbọ́n inú ariwo àwọn ènìyàn ni a ti ń rí ohun tí a ó kọ.